Àwọn Kóòdù Tó Ń Jíṣẹ́ Tí A Ò Rán Wọn

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù October 2017, ọkọ̀ òfurufú Finnair kan gbéra ní Copenhagen, ó forí lé Helsinki. AY666 ni nọ́ńbà rẹ̀. HEL sì ni kóòdù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù tó bá ń lọ sí Helsinki, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí orúkọ tí Òyìnbó ń pe ọ̀run àpáàdì. Ẹni tó bá ka Ìwé Ìfihàn mọ̀ pé nọ́ńbà ẹranko búburú ni 666. Ọjọ́ Ẹtì tó bá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá sì rèé, ọjọ́ abàmì ni lójú ọ̀pọ̀ Òyìnbó. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láìséwu. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ náà fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jókòó pète rẹ̀. Ìlànà ló ń to lẹ́tà àti nọ́ńbà, ìlànà ò sì mọ ìtumọ̀.

Ìtàn Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ló pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Inú orúkọ ìlú náà ni wọ́n ti fa SUX yọ fún pápákọ̀ òfurufú rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá pè é jáde lẹ́nu, èébú ìgboro lédè Gẹ̀ẹ́sì ni: ohun tí kò dára rárá. Àwọn aláṣẹ ìlú bẹ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ní 1988, wọ́n tún bẹ̀ wọ́n ní 2002, pé kí wọ́n yí kóòdù náà padà. FAA ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú kóòdù márùn-ún. GAY wà lára wọn. Ìlú náà kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di 2007, wọ́n sọ yẹ̀yẹ́ náà di ọjà: wọ́n tẹ FLY SUX sára ẹ̀wù àti fìlà, wọ́n ń tà á.

Àwọn mìíràn kì í dúró kí èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní Jámánì, wọn kì í fi SS tàbí KZ sí nọ́ńbà mọ́tò, nítorí àwọn jàǹdùkú Hitler àti àgọ́ tí wọ́n ti pa èèyàn lọ súà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí nọ́ńbà tuntun tó jáde lóṣù March àti September, DVLA, àjọ tó ń bójú tó nọ́ńbà mọ́tò níbẹ̀, a yọ àwọn tó lè bí èèyàn nínú kúrò. Iṣẹ́ tí kò lópin nìyí, torí ojoojúmọ́ ni ìgboro ń dá èébú tuntun sílẹ̀.

Ọgbọ́n Sípéènì já fáfá jù ú lọ. Láti ọdún 2000, kò sí fáwẹ́lì kankan lára nọ́ńbà mọ́tò wọn: nọ́ńbà mẹ́rin, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, ó parí. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Douglas Crockford náà, nígbà tó ń to lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 fún kóòdù orí kọ̀ǹpútà, yọ I, L àti O nítorí wọ́n jọ 1 àti 0; U ló yọ nítorí ọ̀rọ̀ rírùn.

Síbẹ̀, yíyọ fáwẹ́lì ò tó. LSD ló ń ṣáájú lára nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n bá gbà ní Oshodi-Isolo l'Ékòó. LSD náà ni oògùn tí Albert Hofmann kọ́kọ́ pò ní Switzerland ní 1938, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn máa rí ohun tí kò sí. (Ti pápákọ̀ Ìbàdàn, IBA, ò lámì ohùn: ẹni tó fẹ́ kà á sí ìbà, ẹni tó fẹ́ kà á sí ibà.)

Ti Kabul ò tilẹ̀ ní lẹ́tà nínú. Ní 2011, ìròyìn tàn ká Afghanistan pé 39 ló wà lára nọ́ńbà mọ́tò ọkùnrin kan tó ń fi aṣẹ́wó ṣòwò. Bí 39 ṣe di èébú nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá gbé e sára di ohun tí a ń tà lówó pọ́ọ́kú, ẹni tó ní in lára nọ́ńbà fóònù a fi pa mọ́. Bí wọ́n bá sì bi ẹni ọdún 39 léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, a ní ó ku ọdún kan kí òun pé ogójì.