ÀWỌN ÒKÚTA WASSU: ṢÉ Ó TỌ́ KÍ MÙSÙLÙMÍ LỌ WÒ WỌ́N?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ilẹ̀ àti òkúta. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.).

Ní ilé-kéú wa ní Múṣín, a fi àwòrán kan han àwọn ọmọ: òkúta gíga-gíga tí a rì mọ́lẹ̀ yípo bí agbo. Wassu ni wọ́n wà, nítòsí ìlú Kuntaur, ní ilẹ̀ Gáḿbíà. Bàbá ọmọ kan wá bá wa, ó ní: "Aáfà, àbí òrìṣà lẹ fi ń han àwọn ọmọ wa? Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, a sì fẹ́ dáhùn rẹ̀.

Yangí ni àwọn òkúta náà. Bóyá yangí tí àwọn ará ilé wa fi ń ṣojú Èṣù ló mú bàbá yìí fura. Ṣùgbọ́n sàréè ni ti Wassu. Àwọn onímọ̀ tó wa ilẹ̀ ibẹ̀ bá egungun èèyàn, ọ̀kọ̀ irin àti ìkòkò. Irú ibi bẹ́ẹ̀ lé ní 1,000 lẹ́bàá odò Gáḿbíà, láti Gáḿbíà wọ Sẹ̀nẹ̀gàl, lórí ilẹ̀ tó gùn tó 350 kìlómítà. Láti nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Isa títí di nǹkan bí 1,500 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi ṣe wọ́n. Irinṣẹ́ onírin ni wọ́n fi gbẹ́ yangí náà. Òkúta 8 sí 14 ló sábà máa ń wà nínú agbo kan, òmíràn sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 7. Ní 2006, UNESCO ka Wassu àti Kerbatch ní Gáḿbíà, pẹ̀lú Sine Ngayène àti Wanar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, mọ́ ogún gbogbo ayé.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Gáḿbíà, síbẹ̀ wọn kò fọ́ àwọn òkúta yìí dànù. Wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Wassu, wọ́n sì ti ya àwòrán àwọn òkúta náà sórí owó wọn.

Ànábì wa (S.A.W.) gbà wá láyè láti ṣàbẹ̀wò sàréè, nítorí ó ń rán wa létí ọ̀run. Ohun tó ń ba àbẹ̀wò jẹ́ ni èrò ọkàn àti ìṣe ẹni. Àwọn àlejò kan máa ń to òkúta wẹ́wẹ́ sórí àwọn òkúta Wassu, wọ́n fi ń wá oríire. Èyí ni kí Mùsùlùmí yẹra fún. Ọlọ́hun nìkan là ń tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀. Bákan náà, ẹ má gùn wọ́n, ẹ má kọ orúkọ sí wọn lára, ẹ má sì bù wọ́n lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kò di ìgbà tí a bá dé Gáḿbíà kí á tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Itẹ́ òkú Àtàn wà ní Yábàá níbí; mélòó nínú wa ló ń kọjá níbẹ̀ tó ń rántí ikú? Alágbára ni àwọn tó gbé òkúta tọ́ọ̀nù 7 nàró, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni nìkan ló ń bá ni wọ sàréè.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á fi tiwọn kọ́gbọ́n. Àmín.