Owó Gbà-máà-bínú Lórí Ilẹ̀: Ta Ni Yóò Bi Wọ́n?

Bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà gba inú oko wa, kí ni ẹ̀tọ́ wa? Bí ẹnì kan bá sì gbé owó náà mì, ta ni yóò bi í?

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978 ni ìjọba ológun gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà. Àwa ará Ilọrin ti wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 ṣáájú, nítorí náà kò bá wa lójijì tó bí ó ti bá àwọn ará Ìbàdàn.

Abala 28 gba gómìnà láàyè láti gba ilẹ̀ padà fún ìlò ará ìlú; abala 29 sọ ohun tí yóò san. Ẹ fetí sí i dáadáa: kì í ṣe owó ilẹ̀ ni. Ohun tí a kọ́ sórí rẹ̀ àti ohun tí a gbìn sí i ni wọ́n ń san: ilé, kànga, kajú, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó tí a san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Ìdí igi kíkà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni olè ń gbà wọlé. Wọ́n lè kọ ogójì fún ẹni tí ó ní ogún, kí wọ́n sì jọ pín èyí tó lé. Wọ́n lè kọ orúkọ ẹni tí kò dá oko rí. Wọ́n sì lè kọ kajú tó ti ń so bí ẹni pé àná ni a gbìn ín. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àdúgbò, òfin gbà kí a fi owó lé olórí lọ́wọ́, kí ó ná an fún ire gbogbo wọn bí àṣà ti wí. Ọ̀pọ̀ baálẹ̀ ń ṣe é bó ti yẹ. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè rò pé ilé ẹjọ́ ló kàn. Abala 47 ní kí ilé ẹjọ́ má ṣe wádìí bóyá iye náà tó. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí gómìnà yàn ni ó ń gbọ́ ọ. Àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lórí èyí, nítorí abala 44 Ìwé Òfin 1999 fi ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún onílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ mọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara àti aṣojú 24 inú rẹ̀. Abala 128 fún wọn ní agbára láti wádìí iléeṣẹ́ tí ń ná owó ìjọba, kí wọ́n sì tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́. Abala 129 jẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí pẹ̀lú ìwé rẹ̀; bí ó bá kọ̀, wọ́n lè fi ìwé àṣẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n wọn kò lè rán olè lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ọlọ́pàá, ICPC tàbí EFCC ni yóò gba ibẹ̀ lọ.

Ní 1980, ní Bakolori, ní ìpínlẹ̀ Sókótó ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ ìdídò gba ilẹ̀ wọn dínà nítorí owó yìí. Ọlọ́pàá pa nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn aṣòfin ti wà lórí àga láti oṣù Kẹwàá 1979, pẹ̀lú agbára ìwádìí kan náà.

Bí wọ́n bá wá ka igi yín, ẹ jọ kà á. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé kí ẹ tó tẹ̀ka, kí ẹ sì mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ yín láti fi pa mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó mú akọ̀wé náà dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kà á.