Bí àgbàdo ṣe lè wà lájà láìséwu

Ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà nítòsí Ìbàdàn, àjà orí ààrò ni àwọn àgbà ń kó àgbàdo sí, kí èéfín lè lé kòkòrò. Ṣùgbọ́n àgbàdo tí kò gbẹ yóò bu, oró aflatoxin inú rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ da díẹ̀ pọ̀ mọ́ iyọ̀ gbígbẹ nínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ mì ín. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, ẹ tún àgbàdo sá. Àpò kan lè tó 100 kìlógíráàmù: kí káfíńtà yẹ igi àjà wò, kí ẹrù sì wà lẹ́bàá ògiri. Ẹ má fi Sniper sí i, májèlé ni. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019.