Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí àti Ìtàn Èkó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí akápò bá ka ìwé owó fún wa nípàdé, ta ló ń gbà á láìbèèrè rìsíìtì? A ó ní kó mú un wá, a ó sì bi ẹni tó sanwó léèrè pẹ̀lú. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí fi wo ìtàn.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1929. Ó kàwé ní Igbóbì Kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, ó lọ sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn àti Leicester, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Láyé ìgbà yẹn, ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ilé ìwé ń há sórí. Nígbà tí Àjàyí di olùkọ́ n'Íbàdàn, òun àti àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike ní ó tó gẹ́ẹ́. Ká ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ká wo ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń wá, ká sì bi àwọn àgbà tiwa léèrè. Ní 1965, òun àti Ian Espie ṣe ìwé A Thousand Years of West African History jáde fún tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó wàyí. Wọ́n máa ń sọ pé tìtorí òwò ẹrú nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu Èkó ní Dìsẹ́ńbà 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Nínú Nigeria Magazine ti 1961, Àjàyí tú u wò. Kòsọ́kọ́ ta ẹrú, Akítóyè náà ta ẹrú. Òwò Èkó àti ti òkè lọ́hùn-ún ló wọ Gẹ̀ẹ́sì lójú pẹ̀lú. Kò ní òwò ẹrú dára o! Àmọ́ ẹni tó ń tajà ní Balógun mọ̀ pé ẹni tó bá di ẹnu ọ̀nà mú ló ni ọjà. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ọmọ Kòsọ́kọ́ ń bẹ, ọmọ Akítóyè ń bẹ. Ìtàn tí kálukú gbọ́ nílé kò dọ́gba. Àjàyí ì bá gbọ́ méjèèjì.

Òun ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó láti 1972 títí di 1978, nígbà tí ìjà akẹ́kọ̀ọ́ àti ìjọba gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà s'Íbàdàn. Ó kú ní 2014.

Ó máa ń sọ pé orí kan péré nínú ìtàn gígùn ni ìjọba òyìnbó. Àwọn kan bá a jiyàn, wọ́n ní ó fojú kéré ìyà tó jẹ wá. Láti 1861 tí Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ̀wé dé 1960, ọdún 99 ni. Ìga Ìdúngànràn ti wà ṣáájú, ó ṣì wà níbẹ̀.