Ṣé O Mọ̀? Òpó Tó Ń Wọ Bàtà, Tó Ń Dé Fìlà

Ṣé o mọ̀ pé òjò kọ́ ló ń pa òpó àtíbàbà? Omi tí kò rọ́nà lọ ni. Lẹ́yìnkùlé mi, káfíńtà ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó fi kọnkéré dì wọ́n lẹ́sẹ̀ pinpin. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ìjì ò lè fà á tu." Òótọ́ ló sọ, ìjì ò fà á tu. Ṣùgbọ́n kọnkéré ti di ife fún òpó: omi òjò ń sọ̀ gba ara igi wọnú rẹ̀, kò sì ríbi jáde. Lọ́dún kẹta, mo fi ọ̀bẹ ìdáná gún ìdí ọ̀kan, ọ̀bẹ sì wọlé bí ìgbà tí a fi gún ẹ̀kọ. Mo sún ọ̀bẹ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, mo tún gún òpó náà. Igi kan náà le koko, ọ̀bẹ ò ràn án.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ yẹn, ìbátan olú tí à ń fi se ọbẹ̀ ni. Ó kéré débi pé ojú lásán kì í tètè rí i. Omi inú igi gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ lọ kó tó lè gbérí, ó sì gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́. Mú ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, kò ní lè ṣiṣẹ́. Ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute ní 1631, orí igi tó ju 1,000,000 lọ ni wọ́n sì gbé e lé. Inú ẹrẹ̀ abẹ́ omi làwọn igi náà wà títí dòní, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè. Òpó ẹ̀yìnkùlé ò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti wọlẹ̀ gan-an ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé.

Ṣé o mọ̀, nígbà náà, pé ó yẹ kí òpó wọ bàtà? Wẹ́dà ló ń rán an: irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ri mọ́ kọnkéré, tó wá gbé ẹsẹ̀ igi sókè ní ìwọ̀n ìka méjì, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé; ti ikán, abẹ́ ilẹ̀ ni. Ikán ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ara rẹ̀ sì máa ń tètè gbẹ, ìdí nìyí tó fi ń fi yẹ̀pẹ̀ mọ ọ̀nà bo ara rẹ̀ lórí. Bàtà irin kì í pa á. Ó kàn ń mú kó mọ ọ̀nà náà sórí irin gbangba, níbi tí o ti máa rí i láàárọ̀ tí o bá ń gbálẹ̀. Nítorí ikán, àwọn kan ń fi ọ́ìlì tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kun òpó. Èmi ò fẹ́ ẹ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, tí a sì gbin ewédú sí nítòsí.

Fìlà ńkọ́? Igi jẹ́ ìdì ihò tóóró-tóóró tó gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀nà tí omi ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé ni, gígé tí a gé igi ò sì dí ọ̀nà náà. Orí òpó tí a fi ayùn gé máa ń mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Gé páànù kékeré kan dé e lórí, kí etí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ṣé o mọ̀ pé apá ibi tó ti kú lára igi ló ń pẹ́ jù? Àárín ìrókò tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ò ní ẹ̀mí mọ́ kí wọ́n tó gé e rárá, ṣùgbọ́n igi ti kó oró tí kòkòrò ò fẹ́ síbẹ̀. Etí rẹ̀ tó funfun ló ń gbé omi, òun náà ni ikán ń fi ṣe oúnjẹ. Bí wọ́n bá ní ìrókò làwọn tà fún ọ, wo àwọ̀ rẹ̀ kí o tó sanwó.

Ṣé o mọ̀ pé gbígbé ni ìjì sábà máa ń gbé àtíbàbà, kì í ṣe títẹ̀ mọ́lẹ̀? Àtíbàbà ò ní ògiri. Atẹ́gùn á gba abẹ́ wọlé, á ti òrùlé sókè. Èyí tó ń sáré kọjá lórí á tún máa fà á. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́dọ̀ wa, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wọlé, nítorí náà ọwọ́ ibẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ yẹ ìdè wò. Àwọn tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà ìnáwó láyé àtijọ́ ò kàwé lórí èyí. Imọ̀ ọ̀pẹ ní àlàfo. Atẹ́gùn á gbà á kọjá, á mi ewé, á lọ. Kánópì tí a so pinpin ni ìjì ń gbé lọ sórí ilé aládùúgbò, tí ọkọ ń wò, tí ìyàwó ń wò, tí alága ìjókòó ṣì di gbohùngbohùn mú.

Ọyẹ́ náà máa ń tú ìdè. Igi máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, a sì máa wú lásìkò òjò. Bóòtì tó le dáadáa ní oṣù Kẹsàn-án á ti máa mì ní oṣù Kìn-ín-ní. Sípánà ni oògùn rẹ̀.

Ṣé o mọ bí omi ṣe wúwo tó lórí tapólì? Àtíbàbà tó fẹ̀ ní mítà 3, tó gùn ní mítà 4, tí omi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 bá dúró lórí rẹ̀, ti ru kílò 600. Àpò sìmẹ́ǹtì 12 nìyẹn. Jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ dagun.

Ẹni tó bá yan páànù dípò tapólì, kó mọ̀ pé Henry Robinson Palmer ló gba àṣẹ olùhùmọ̀ páànù onígbì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Irin lásán ni nígbà yẹn. Ní 1837 ni Stanislas Sorel, ará Faransé, gba àṣẹ bí wọ́n ṣe ń fi síǹkì bò ó. Ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ìṣó bá ha páànù lára, síǹkì tó wà létí ojú ọgbẹ́ á kọ́kọ́ jẹ ara rẹ̀ tán kí irin tó dípẹtà. Nígbà tí síǹkì bá tán ni òrùlé á wá pọ́n bíi ti Ìbàdàn àtijọ́. Létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń mú kí ó yá.

Àwa là ń dáàbò bo àtíbàbà; ní Sorrento, nílẹ̀ Ítálì, àtíbàbà gan-an ló ń dáàbò bo nǹkan. Wọ́n ń fi òpó igi gbé e ga lórí ọgbà ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní koríko lé e lórí nígbà òtútù, kí yìnyín má bàa ba èso jẹ́.

Ìwọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé o mọ̀ pé epo wa wà nínú àtíbàbà Hampstead? William Lever, ọlọ́ṣẹ Sunlight, ra ilé kan níbẹ̀ ní 1904, ó sì ní kí Thomas Mawson ya àwòrán àtíbàbà tó gùn tó nǹkan bíi mítà 240. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga. Epo ọ̀pẹ àti àdí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tó ń wọ inú ọṣẹ rẹ̀. Ní 1923 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Nàìjíríà, òun là ń pè ní Unilever lónìí. Lever kú ní 1925. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bìkítà mọ́, òpó òkúta dúró, ṣùgbọ́n igi orí rẹ̀ jẹrà, ó di dandan kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Lọ wo orí òpó.

Èyí tó kù ni oòrùn. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú ò rí máa ń jẹ àtè tó so fọ́nrán igi pọ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lignin. Òjò á ṣan án lọ, igi á di aláwọ̀ eérú. Àwọn èèyàn á sáré ra fáníìṣì, oòrùn á là á, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, kò ní jáde mọ́, a tún ti padà sídìí kọnkéré káfíńtà mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣirò àwọn onímọ̀ igi Amẹ́ríkà ni pé nǹkan bíi mìlímítà 6 ni ojú ọjọ́ ń jẹ lára igi bíi páínì láàárín 100 ọdún. Kódà kí oòrùn tiwa fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú, mi ò ní sí níbẹ̀. Òpó mi tuntun wọ bàtà, ó dé fìlà, ó sì ti ń hewú. Mi ò kun ún.