Tinubu, Tiani àti Talon: Ta Ni Wọ́n Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹni tó ta àgbò fún mi ní Sábó Òṣogbo nígbà Iléyá 2024 ní kí n má bínú sí òun, Tiani, olórí ológun Niger, ni kí n bínú sí. Ó ní bọ́dà Niger tí wọ́n tì ló mú àgbò wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Ààrẹ Tinubu ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Náírà tó ṣubú ló ba ọjà jẹ́ jù: sẹ́fà làwọn ará Niger ń ná, yúrò sì ni wọ́n so sẹ́fà mọ́. Mo ṣe àlàyé yìí fún un bí mo ṣe ń ṣe é fáwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó rẹ́rìn-ín. Kò yọ kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Keje 2023 làwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fi Bola Tinubu ṣe alága wọn ní Bissau, ó sì sọ pé àwọn ò ní gba ìfipágbàjọba mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́ 26 oṣù náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ní Niamey, olú ìlú Niger, ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ Bazoum, ló gorí àlééfà. Mali, Guinea àti Burkina Faso ti bọ́ sọ́wọ́ ológun ṣáájú. Ààrẹ wo ni kò ní bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó gbé ìbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀?

Lọ́jọ́ 30 oṣù Keje, ECOWAS fún Tiani ní ọ̀sẹ̀ kan péré: kó dá Bazoum padà sípò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn lè fi ogun lé e. Nàìjíríà ti bọ́dà, ó sì já iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, níbi tí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná wọn ti ń wá láti ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Niamey fèsì lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ pé iṣẹ́ àwọn aṣojú àwọn ní Nàìjíríà, Tógò, Faransé àti Amẹ́ríkà ti parí. Ọ̀sẹ̀ kan náà pé, ìbọn ò dún. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ìpínlẹ̀ méje lókè Ọya ló bá Niger pààlà, ọ̀pọ̀ ará Katsina ló sì ní ẹbí ní Maradi. Ilé Aṣòfin Àgbà l'Ábùjá pàápàá ní kí wọ́n fẹnu yanjú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí rèé: bí olórí orílẹ̀-èdè kan bá ń bú èkejì, kì í ṣe ẹni tó ń bú ló ń bá sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, àwọn ọmọ ogun tó yí àwọn ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ká ni Tinubu ń kìlọ̀ fún. Tiani náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2024, ó jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, ó ní Nàìjíríà àti Faransé ti dìmọ̀ pọ̀ láti da Niger rú. Èdè Hausa ló fi sọ ọ́. Kò sí ìdí tí ará Kánò tàbí Sókótó fi nílò ògbufọ̀. Orí àwọn aráàlú Tinubu ló gbà sọ̀rọ̀ sí Tinubu. Abùjá sáré sẹ́, Nuhu Ribadu, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò nígbà náà, àti Mohammed Idris, tó jẹ́ mínísítà ìròyìn, ní irọ́ ni.

Ti Patrice Talon, tó jẹ́ ààrẹ Benin nígbà náà, tilẹ̀ dùn ún gbọ́ jù, nítorí epo ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ri páìpù tó gùn tó nǹkan bí 1,950 kìlómítà, láti Agadem ní Niger dé etí òkun ní Sèmè. ECOWAS ti mú ìjìyà kúrò lórí Niger lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì 2024, ṣùgbọ́n Niger kọ̀, kò ṣí bọ́dà rẹ̀ sí Benin. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, Talon fárígá: ẹni tó bá pe Benin lọ́tá kò lè máa ti omi Benin gbé epo. Àwọn ààrẹ àná méjì, Nicéphore Soglo àti Boni Yayi, tí wọn ò bá Talon ṣe, ló dìde lọ sí Niamey lọ bẹ̀bẹ̀.

Kò yẹ kí irú èyí ya ará Ìfọ́n bíi tèmi lẹ́nu. Òrìṣà Olúfọ́n wa ni Ifá kìlọ̀ fún pé kó má lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó lọ. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó ń fà á bọ̀ láti dá a padà, àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó pè é lólè, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Òjò kọ̀, oko kọ̀, aboyún kò bí. Ìgbà tí Ṣàngó dífá ló tó mọ̀ pé ọba ẹgbẹ́ òun ló wà nínú túbú òun. Àwọn àgbà tó ń pa ìtàn yìí mọ ohun tí wọ́n ń wí: ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan ọba, oko tálákà ló ń lọ. Ẹni tó sì wà ní Ìfọ́n tàbí Ìlobù ní oṣù Kẹta 2025, nígbà tí Gómìnà Adeleke kéde kónílé-ó-gbélé lórí ìjà ààlà ilẹ̀, mọ̀ pé kò dìgbà téèyàn bá dé Niamey kó tó rí irú rẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ikọ̀ nìyẹn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó ti ṣe olórí Nàìjíríà rí, àti Sultan Sókótó kọ́kọ́ lọ sí Niamey, wọn ò rí Tiani. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2023, Sanusi Lamido Sanusi, tó ti jẹ Ẹ́míà Kánò rí, lọ, Tiani gbà á lálejò. Lẹ́yìn rẹ̀ làwọn àlùfáà Mùsùlùmí tí Sheikh Bala Lau kó sòdí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó lọ bí ará ilé ni ilẹ̀kùn ṣí fún.

Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Mali, Burkina Faso àti Niger kéde ní oṣù Kìn-ín-ní 2024 pé àwọn ń fi ECOWAS sílẹ̀, wọ́n sì jáde pátápátá lọ́jọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà wa fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, wọ Niamey, ó bá Tiani jókòó. Ìrìn àjò yẹn ló yẹ kó ṣáájú ní oṣù Keje 2023, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ogun.