Olùkọ́ SVT àti olùkọ́ ẹ̀sìn: ta ni kí ọmọ gbà gbọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ máa ń bi mí kí wọ́n tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì: bí ọmọ bá ní fádà tàbí pásítọ̀ sọ pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé, tí ìwé SVT sì sọ ohun mìíràn, kí ni ká dá a lóhùn?

Ẹ gbójú sókè wo àwọn òkè Dassa. Olùkọ́ SVT á ní òkúta granite ni, ohun gbígbóná tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tutù díẹ̀díẹ̀ tó sì le, kí òjò tó wá fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún tí òkúta náà ti wà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ihò Arigbo wà, tí àwọn Kátólíìkì ń wọ́ lọ lóṣù kẹjọ láti gbàdúrà. Àwọn àgbà ilé á sì sọ ìtàn àwọn baba ńlá lórí òkè kan náà. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì purọ́.

Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tó ń kọ ìdáhùn kan fún SVT nítorí BEPC, tó ń sọ òdìkejì rẹ̀ ní katikíísìmù nítorí ìyá rẹ̀, tí kò sì gba èyíkéyìí gbọ́.

Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1990 ní orílẹ̀-èdè wa jẹ́ laïque, ìyẹn ni pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn kan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 14 rẹ̀ gba àwọn ẹlẹ́sìn láyè láti ṣí ilé-ẹ̀kọ́, bí ìjọba bá fọwọ́ sí i tó sì ń ṣọ́ ọ. Níbẹ̀, olùkọ́ méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé kan. Ó kù kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn Júù ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Faransé tàbí Amẹ́ríkà, ọmọ kan náà ló ń ka Tórà tó tún ń ka sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn tó bá tiwa mu, ẹ̀kọ́ òṣùpá. Àwa náà kúkú ń sọ pé "oṣù ti lé".

Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni, ó lé díẹ̀. Oṣù 12 jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún oòrùn sì jẹ́ 365. Ọjọ́ 11 ló yàtọ̀. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi nǹkan kún un, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń bọ́ sígbà òjò nígbà mìíràn, tó ń bọ́ sígbà ọyẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn Júù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí Tórà ní oṣù tí ọkà báálì ń gbó ni kí wọ́n ṣe àjọ Ìrékọjá. Wọ́n wá ń fi oṣù kan kún ọdún, ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún 19. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣírò ọjọ́ 11 lọ́nà 19, kó fi wé ọjọ́ tó wà nínú oṣù 7: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àjíǹde, tí à ń pè ní Pâques, náà ń tẹ̀ lé òṣùpá: ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta ni. Ṣé ẹ rí i pé ìṣirò àti àdúrà ti pàdé?

Maimonides (1138–1204), rábì tó tún jẹ́ oníṣègùn ní Íjíbítì, kọ ìṣirò òṣùpá sínú ìwé òfin ẹ̀sìn rẹ̀. Mendel, tó gbin ẹ̀wà pois tí àwọn ọmọ yín ń kà nípa rẹ̀ ní SVT, ẹni ilé ìsìn Kátólíìkì ni. Fádà ni Georges Lemaître ará Bẹ́ljíọ̀mù, tó sọ ní 1931 pé láti inú ohun kékeré kan ni gbogbo àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ n kò ní tàn yín. Ilé kan wà tí ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ wákàtí 24 lọ́nà mẹ́fà, kò sì sí àlàyé tó lè jẹ́ kí ìyẹn bá granite mu. Kí olùkọ́ má fi bàbá ọmọ ṣẹ̀sín. Kó sọ pé: ohun tí a rí nìyí, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyí, èyí sì ni ìdánwò yóò béèrè, mú un lọ bá bàbá rẹ, kí ẹ jọ sọ ọ́. Kí fádà náà má ní kí ọmọ di etí sí SVT.

Níbi tí olùkọ́ méjèèjì bá wà, mo máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ kan tí oṣù lé. Kí wọ́n jọ kó àwọn ọmọ jáde, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya òṣùpá sínú ìwé rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, lálaalẹ́, títí òmíràn yóò fi lé.